Ìhámọ́ra Oníke: Bí Mo Ṣe Di Atọ́kùn Ọmọ Mi

Ẹni tó bá mọ̀ mí nínú ẹgbẹ́ wa mọ̀ pé ọ̀rọ̀ owó ni mo sábà máa ń kọ síbí: owó orí, owó ìfẹ̀yìntì, àti bí a ṣe ń tọ́jú rìsíìtì. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí láyè kí n sọ nǹkan mìíràn. Ike ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀: ike funfun tí a gé, tí a lẹ̀, tí a sì so pọ̀ títí ó fi di ìhámọ́ra tí ènìyàn ń wọ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà mo bínú. Ẹ gbọ́ ìtàn náà ná.

PÁÁLÍ ŃLÁ KAN DÉ

Ní ọjọ́ Sátidé kan ní oṣù Kẹta ọdún tó kọjá, ẹni tó ń pín ẹrù gbé páálí kan wá sẹ́nu ọ̀nà wa. Ọmọkùnrin mi, àbíkẹ́yìn wa, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún nígbà náà, sáré sọ̀ kalẹ̀ láti òkè bí ẹni tí wọ́n pè wá jẹ iyán. Ó tú páálí náà. Ohun tí mo rí kò yé mi rárá. Abala ike funfun bí ọgbọ̀n ló wà níbẹ̀: òmíràn dà bí igbá tí a là sí méjì, òmíràn bí èèpo ẹ̀yìn ahun, òmíràn bí àwo tí iná rà. Kò sí ìwé kan nínú rẹ̀ tó sọ bí wọ́n ṣe ń tò ó.

Mo bi í pé, "Kí nìyí?"

Ó ní, "It's a stormtrooper, Dad."

Mo ní, "Èló?"

Nígbà tó dárúkọ owó náà, mo wá àga jókòó. £560! Ó ti fi £300 sílẹ̀ nínú owó tó ń gbà níbi iṣẹ́ Sátidé, ìyá rẹ̀ sì ti bá a fi £260 kún un láì jẹ́ kí n gbọ́. Mo sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà o. Mo ní ẹni tó ń múra yunifásítì kò gbọdọ̀ máa náwó sórí aṣọ egúngún. Ọmọ náà kò dá mi lóhùn. Ó kó ike rẹ̀ padà sínú páálí, ó gbé e lọ sínú gáréèjì.

Ìyá rẹ̀ ló wá bá mi lálẹ́. Ó ní, "Dádì wọn, ṣé ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní wọ́ọ̀dù nígbà tí ọmọ yìí wà ní ọmọ ọdún méje?" Mo rántí ọdún náà dáadáa, ṣùgbọ́n mi ò lè rántí ohun tó ṣẹlẹ̀, nítorí mi ò sí níbẹ̀.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ NÍ WỌ́Ọ̀DÙ

Ọ̀pọ̀ nínú yín mọ̀ pé ọmọbìnrin wa ní àìsàn fòní-kú-fọ̀la-dìde, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní sickle cell. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni nígbà tí ìrora náà gbé e dè ní oṣù Kìíní kan, tó sì lò tó ọ̀sẹ̀ méjì ní ọsibítù. Àwọn akáuńtáńtì ẹgbẹ́ mi mọ ohun tí oṣù Kìíní jẹ́ nílùú yìí. Ọjọ́ 31 ni gbèdéke ìwé owó orí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ fún ara wọn, gbogbo oníbàárà ló sì máa ń kó rìsíìtì wọn wá nínú àpò náílọ́ọ̀nù ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn. Alaalẹ́ ni mò ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ mi, nígbà tó bá ti sùn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, àwọn kan wọ wọ́ọ̀dù náà wá, funfun balau láti orí dé ẹsẹ̀. Ọmọ ọdún méje wa sá sẹ́yìn aṣọ ìkélé. Ọ̀kan nínú wọn rí i, ó sì fi orúnkún kan kúnlẹ̀. (Mo ti wá mọ̀ báyìí pé ẹni tó wọ ìhámọ́ra yẹn kò lè kúnlẹ̀ bẹ́ẹ̀ láì jẹ ìyà.) Ó na ọwọ́ sí ọmọ náà títí ó fi jáde. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí kò jẹun dáadáa láti ọjọ́ mẹ́ta, gbórí sókè lórí bẹ́ẹ̀dì, ó bi ọmọ ogun náà pé báwo ló ṣe ń tọ̀. Ẹ̀rín ta ní wọ́ọ̀dù. Ọmọ náà jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ìyá wọn sọ ọ́ fún mi lórí fóònù nígbà náà. Mo ní, "Ó dáa," mo sì padà sídìí ìṣirò mi. Èmi gbàgbé, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún méje kò gbàgbé. Láti ọdún mẹ́wàá ló ti ní in lọ́kàn pé òun náà yóò jẹ́ ẹni tó ń kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọ ẹlòmíràn.

Ẹgbẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní 501st Legion. Ọ̀gbẹ́ni Albin Johnson ló dá a sílẹ̀ ní South Carolina, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1997. Ẹ̀ka tí Britain ni UK Garrison. Wọn kì í gba owó iṣẹ́ sápò ara wọn. Ọsibítù àti ibi ìkówójọ fún aláìní ni wọ́n máa ń lọ. Ṣùgbọ́n wọn kì í gba ọmọdé tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún, wọn kì í sì í gba jákujàku. Ènìyàn gbọ́dọ̀ ya fọ́tò ara rẹ̀ nínú ìhámọ́ra náà, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó bá ti inú sinimá mu. Oṣù Kọkànlá ni ọmọ mi yóò pé ọdún méjìdínlógún. Ó ku oṣù mẹ́jọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, mo bọ́ agbádá, mo wọ ṣòkòtò iṣẹ́, mo lọ kan ilẹ̀kùn gáréèjì ara mi.

IBI TÍ IKE NÁÀ TI WÁ

Ẹ̀yin tó bá rò pé Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe àwọn ọmọ ogun funfun yìí, ìtòsí wa níbí ni. Sinimá Star Wars tí George Lucas ṣe jáde lọ́dún 1977, ṣùgbọ́n Elstree Studios ní Borehamwood ni wọ́n ti ya púpọ̀ nínú rẹ̀ lọ́dún 1976. Ó lé ní ogún ọdún tí mo fi ń wọ ọkọ̀ ojú irin kọjá níbẹ̀ lọ síbi iṣẹ́, mi ò sì mọ̀. Ralph McQuarrie ló ya àwòrán wọn. Brian Muir fi amọ̀ mọ ìhámọ́ra náà. Andrew Ainsworth sì fi ike tẹ̀ ẹ́ jáde ní Twickenham. John Mollo tó ṣètò aṣọ sinimá náà gba ẹ̀bùn Oscar lé e lórí lọ́dún 1978.

Bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ kò le. Wọn á ki pátákó ike pẹlẹbẹ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ ABS bọ iná títí yóò fi rọ̀ bí àmàlà. Wọn á dà á bo orí mọ́ọ̀dù, ẹ̀rọ á sì fa gbogbo afẹ́fẹ́ abẹ́ rẹ̀ jáde, kí ike náà lè lẹ̀ mọ́ mọ́ọ̀dù típẹ́típẹ́. Tó bá tutù, ó di ìgbàyà.

Ẹjọ́ kan tún wà nínú rẹ̀ tó dùn mọ́ mi bí oníṣirò. Ọ̀gbẹ́ni Ainsworth bẹ̀rẹ̀ sí í ta àṣíborí náà fún aráàlú, ilé iṣẹ́ Lucasfilm sì pè é lẹ́jọ́. Ó di ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ nílẹ̀ yìí. Ní oṣù Keje ọdún 2011, àwọn adájọ́ ní àṣíborí náà kì í ṣe ère tí ọlọ́nà gbẹ́, pé ohun èlò sinimá ni, nítorí náà òfin tó ń dáàbò bo iṣẹ́ ọ̀nà fún ìgbà pípẹ́ kò bò ó nílẹ̀ yìí. Ẹ̀tọ́ tí òfin fún irú ohun èlò bẹ́ẹ̀, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni, ó sì ti kọjá tipẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ilé ẹjọ́ ilẹ̀ yìí lè gbọ́ ẹjọ́ lórí ohun tó tà sí Amẹ́ríkà.

Kí n tó kúrò níbẹ̀: ọmọ wa kan ti wọ ìhámọ́ra yìí ní ojú gbogbo ayé. John Boyega tí wọ́n bí ní Peckham lọ́dún 1992, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Adédayọ̀ Bámidélé Adégbóyèga, òun ló ṣe Finn, ọmọ ogun funfun tó sá kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ibi, nínú The Force Awakens lọ́dún 2015. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fi ojú rẹ̀ hàn lọ́dún 2014, àwọn kan ń kùn pé kí ló dé tí ènìyàn dúdú wà nínú aṣọ yẹn. Ó dá wọn lóhùn pé kí wọ́n jẹ́ kó mọ́ wọn lára. Fọ́tò rẹ̀ wà lára ògiri ọmọ mi. Èmi rò pé agbábọ́ọ̀lù ni.

IṢẸ́ BẸ̀RẸ̀

Kò sí ìwé ìtọ́sọ́nà, nítorí náà mo ṣe é bí a ṣe ń ṣe ìwé owó: a kọ́kọ́ ka ohun tó wà nílẹ̀, a sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan lórúkọ. Mo mú páálí àti kálámù dúdú. Ọmọ ń gbé ike sókè, ó ń fi sí ara rẹ̀ láti mọ ibi tó wà fún, èmi ń kọ orúkọ rẹ̀ sí inú. Láì ronú, Yorùbá ni mo fi ń kọ ọ́: ÌGBÀYÀ. Ẹ̀YÌN. IKÙN. ÌDÍ. ÈJÌKÁ Ọ̀TÚN. ITAN ÒSÌ. OJÚGUN Ọ̀TÚN. ÀṢÍBORÍ. Ẹni tó bá ti ka Éfésù orí kẹfà kò ní wá orúkọ ìhámọ́ra tì.

Ọmọ náà wò mí. Ó ní, "What's ojúgun?" Mo fi ẹsẹ̀ mi hàn án. Ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa ṣe rí: ó gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n kì í sọ ọ́. Tí n bá sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, Gẹ̀ẹ́sì ló máa fi dá mi lóhùn. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ohun tó lè ṣe sí i. Tó bá fẹ́ kí n gbé ike kan fún un, orúkọ tí mo kọ sí i ló gbọ́dọ̀ pè.

Gígé ló ṣáájú. Ike náà máa ń ní etí tó pọ̀ ju ohun tí a nílò lọ. Àlùmọ́gàjí kékeré tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ ni a fi ń gé ibi tó kọ́rọ́. Ibi tó gún, a ó fi ọ̀bẹ fa ìlà sí i lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin, a ó sì rọra tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi ṣẹ́ lójú ìlà náà. Lẹ́yìn èyí ni a ó fi sáńpépà yọ́ etí rẹ̀.

Lílẹ̀ ló tẹ̀ lé e. Apá àti ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, abala méjì ni: iwájú àti ẹ̀yìn. Etí méjèèjì á pàdé, wọn ò ní gun ara wọn. A ó wá fi ọ̀já ike tẹ́ẹ́rẹ́ bo ojú ibi tí wọ́n ti pàdé, òmíràn fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mílímítà 15, òmíràn 20, òmíràn 25. Gọ́ọ̀mù tí a lò, E6000, kì í gbẹ kíákíá. Ọjọ́ kan gbáko ni ó kéré tán, ọjọ́ mẹ́ta ló dára jù. Òòfà kéékèèké ni a fi ń di ike náà mú nínú àti lóde títí yóò fi gbẹ. Àǹfààní gọ́ọ̀mù yìí ni pé tí a bá ṣi í lẹ̀, a lè rọra bó o. Ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀ burú. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé kan, apá ọ̀tún. Òmíràn, apá òsì. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń lọ. Nígbà tí gọ́ọ̀mù bá ń gbẹ, a ó jókòó sórí àpótí, a ó mu tíì. Níbẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé kò fẹ́ ka ìmọ̀ ìṣirò owó ní yunifásítì. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló fẹ́ ṣe. Mo gbé kọ́ọ̀bù tíì mi mì. Mi ò sọ nǹkan kan lọ́jọ́ náà.

ITAN ÒSÌ

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Ní oṣù Kẹfà, ọmọ náà lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Mo rí i pé ọjọ́ ń lọ, mo ní kí n bá a gé itan òsì sílẹ̀ kó tó dé. Mo fi itan ọ̀tún tí a ti parí wọn òsì. Mi ò pe ẹni tó ni itan, mi ò tún un wọ̀n. Mo gé e, ó ṣẹ́ dáadáa, inú mi dùn. Nígbà tó dé, tó gbé e sí ẹsẹ̀, etí méjèèjì kò pàdé. Àlàfo tó wà láàárín wọn tó sẹ̀ǹtímítà méjì. Àṣé ọ̀tún àti òsì kò rí bákan náà.

Kò bú mi, kò pariwo. Ó rọra gbé e sílẹ̀. Ó ní, "It's fine, Dad," ó sì gòkè lọ. Ẹ̀yin tó ń tọ́mọ nílẹ̀ yìí, ẹ mọ ohun tí "It's fine" túmọ̀ sí.

Bàbá mi, káfíńtà ni ní Iléṣà. Ènìyàn dáadáa ni. Ṣùgbọ́n tó bá gé pákó ṣì, pákó náà ló máa jẹ̀bi, tàbí ọmọ iṣẹ́, tàbí èmi tí mo di ẹnu rẹ̀ mú. Mi ò rántí ọjọ́ kan tó ní kí n má bínú. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ wa: àgbà kì í bẹ ọmọdé. Mo dúró ní gáréèjì pẹ́ lọ́jọ́ náà, mo ń wo ITAN ÒSÌ tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ. Mo ro ti itan, mo tún ro ti oṣù Kìíní ọjọ́ kìíní àná tí mi ò sí ní wọ́ọ̀dù.

Mo gòkè, mo kan ilẹ̀kùn. Mo ní, "Ọmọ mi, èmi ni mo bà á jẹ́. Mo kánjú, mi ò sì dúró dè ọ́. Má bínú. Ìgbà tí ẹ wà ní ọsibítù náà, ó yẹ kí n wà níbẹ̀. Má bínú sí ìyẹn náà."

Ó pẹ́ kó tó dáhùn. Ó wá ní, "Ẹ má wòrí, Dádì. A máa tún un ṣe."

Ẹ̀yin ará wa, Yorùbá ló fi sọ ọ́.

A sì tún un ṣe. A kó àwọn ègé ike tí a ti gé dànù, a rẹ́ ẹ sí wẹ́wẹ́, a dà á sínú ìgò pẹ̀lú acetone, ohun tí àwọn obìnrin fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́. Lọ́jọ́ kejì, ó ti di lẹ́ẹ̀dì funfun bí ẹ̀kọ gbígbóná. A gé ọ̀já ike kan tó fẹ̀ tó àlàfo náà, a lẹ̀ ẹ́ sáàárín, a fi lẹ́ẹ̀dì yẹn dí ojú rẹ̀, a sì yọ́ ọ títí ó fi dán. Ẹni tí kò bá mọ̀ kò lè rí i. Èmi mọ ibẹ̀.

ÌṢIRÒ

Mi ò lè kọ nǹkan síbí kí n má ṣe ìṣirò. Ohun tó ná wa nìyí: ike nínú páálí, £560, bàtà funfun, £75, aṣọ dúdú tó lẹ̀ mọ́ra tí a ń wọ̀ sábẹ́, £30, ohun ìbòrùn dúdú, £30, ìbọ̀wọ́, £8, gọ́ọ̀mù, £36, ọ̀dà Humbrol fún àwọn ilà àṣíborí àti bọ́tìnì ikùn, pẹ̀lú bírọ́ọ̀ṣì, £27, àlùmọ́gàjí, òòfà àti sáńpépà, £24. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ £790. Ọmọ san £300, àwa òbí san £490. Ọ̀já àti bọ́tìnì tí a fi so gbogbo rẹ̀ mọ́ra, inú àpótí ìránṣọ ìyá wọn ni a ti rí i.

Ìbọn kò sí nínú rẹ̀. Sterling, ìbọn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n yí padà fún ti inú sinimá, àwọn ènìyàn sì máa ń fi ike ṣe irú rẹ̀. Mo ní a kò ní ṣe é. Ọmọ dúdú tó ń gbé ohun tó jọ ìbọn kiri nílùú Lọ́ńdọ̀nù, ẹ̀yin náà ẹ mọ ìyókù. Ó gbà pẹ̀lú mi. Ta ló nílò ìbọn ní wọ́ọ̀dù ọmọdé?

Ẹni tó bá fẹ́ dán irú iṣẹ́ yìí wò, ìmọ̀ràn mi kò pọ̀. Ẹ gé díẹ̀, ẹ dán an wò, kí ẹ tó tún gé díẹ̀ sí i. Ara ẹni tó máa wọ̀ ọ́ ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́, kì í ṣe ara ike kejì. Ẹ bo imú tí ẹ bá ń lo sáńpépà. Ẹ má da ègé ike kankan nù. Ẹ má sì ṣe dá ṣe é lóru.

ATỌ́KÙN

Ọjọ́ àríyá ọmọdé ẹgbẹ́ wa ní oṣù Kejìlá ni ó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ jáde, ẹ̀yin tó wà níbẹ̀ rí i. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti yunifásítì dé, òun ló so gbogbo ọ̀já ẹ̀yìn fún un. Ó gba ogójì ìṣẹ́jú. Nígbà tó wọ gbọ̀ngàn, bàbá kan tí wọ́n jẹ́ ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó pariwo pé, "Ẹ̀yọ̀ ti dé! Ẹ bọ́ bàtà!" Ìyá àgbà kan ní egúngún ilé ta nìyí. Àwọn ọmọdé yí i ká.

Ẹni tó wà nínú rẹ̀ kò lè jókòó. Kò rí ilẹ̀, kò rí ẹ̀gbẹ́, ihò ojú rẹ̀ kéré. Ooru ń mú un. Ìdí nìyí tí ẹnì kan fi gbọ́dọ̀ máa tẹ̀ lé e tí kò wọ ìhámọ́ra, tí yóò máa sọ fún un pé àtẹ̀gùn rèé, ọmọdé rèé lẹ́sẹ̀ rẹ, ó tó àkókò láti mu omi. Àwọn baba wa mọ iṣẹ́ yẹn. Atọ́kùn ni wọ́n ń pè é. Egúngún tí kò ní atọ́kùn, kòtò ló máa já sí.

UK Garrison ti yẹ fọ́tò rẹ̀ wò, wọ́n ti gbà á. Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn oṣù Kìíní ọdún yìí, wọ́n pè é pẹ̀lú àwọn mìíràn láti lọ kí àwọn ọmọdé ní wọ́ọ̀dù kan. Ó ku ọjọ́ mẹ́rin sí gbèdéke owó orí. Oníbàárà mẹ́fà ló ń retí mi. Mo pa kọ̀ǹpútà mi, mo gbé ìgò omi dání, mo bá a lọ.

Ọmọbìnrin kékeré kan wà lórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, wọ́n fi omi sí i lọ́wọ́. Ó ń wò wá, kò rẹ́rìn-ín. Mo rí i tí ọmọ mi dúró díẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ orúnkún òsì wálẹ̀, díẹ̀díẹ̀, ike ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ohùn rẹ̀ jáde lábẹ́ àṣíborí, jẹ́jẹ́, kí èmi nìkan lè gbọ́:

"Dádì, ẹ dì mí mú. Ojúgun ń fún mi."

Mo dì í mú. Ó kúnlẹ̀.

Olúwa yóò dá àwọn ọmọ wa sí fún wa, yóò sì fún àwa òbí ní etí láti gbọ́ wọn kó tó pẹ́ jù. Ẹni tó bá ń wá àyè fún ọmọ rẹ̀ láti ṣe irú iṣẹ́ yìí, kó wá bá mi lẹ́yìn ìpàdé oṣù tó ń bọ̀. Ègé ike ṣì kù ní gáréèjì mi, ìgò lẹ́ẹ̀dì náà ò sì tíì tán. Ẹ kú ilé o.